Ẹ̀gà tó rí bí àdìrẹ tí aró ò mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ẹ̀gà ti gba ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìparí oṣù Kẹta ni mo ti ń rí ọ̀kan tí mi ò mọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Níbìkan ó pọ́n bí ìyeyè, níbòmíràn ó rí bí eérú, dúdú orí rẹ̀ sì rí bí àdìrẹ tí aró ò mú. Màmá mi ní ẹyẹ àbàmì ni, ká má fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ní kẹ́míkà ló dà sí i lára. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó jàre, àmọ́ ẹ gba ti màmá: ẹ má fọwọ́ kàn án. Akọ ẹ̀gà ni, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Bí kì í bá ṣe àsìkò àtiyé ẹyin, aṣọ akọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti abo. Bí òjò bá ti ń kanlẹ̀kùn, á wá di olórí dúdú, ara á pọ́n yòò, torí abo ló ń wá. Tiyín ṣì wà lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí kò kúkú yí padà lẹ́ẹ̀kan?

Ìyẹ́ tó ti hù tán ti kú, bí èékánná wa ni. Ẹ rántí bí a ṣe ń nawọ́ sí lékeléke nígbà èwe pé kó fún wa ní èékánná funfun? Ká ní ó tiẹ̀ gbọ́, ìdí èékánná, níbi tó ti ń hù bọ̀, ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ́: àfi kí ti àtijọ́ re kí tuntun tó hù. Ẹyẹ tí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ bá sì re lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ológbò ti rí oúnjẹ. Ẹ fi fóònù fa ọrùn rẹ̀ mọ́ra: ẹ ó rí àwọn nǹkan ṣóńṣó bí ẹnu ìgbálẹ̀. Ìyẹ́ tuntun tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe àìsàn?

Ó ń hunlé àbí kò hunlé? Ẹ̀gà tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ, tó ń rọ̀ sábẹ́ ilé tó ń ju apá pe abo, ara rẹ̀ le. Tó bá jẹ́ ìyẹ́ apá ló ń re, ọ̀tún àtòsì ló sábà máa ń re bákan náà. Bí apá kan bá ṣófo tí èkejì pé, ẹ fura sí ọmọ oníkànnàkànnà.

Èyí tó ní ìyẹ́ funfun ńkọ́?

Ìyẹn lè jẹ́ àbímọ́. Bó bá funfun látòkè délẹ̀, ó lè jẹ́ àfín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú pupa dá a mọ̀, torí akọ ẹ̀gà lójú pupa tẹ́lẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ tó yẹ kó dúdú ni kẹ́ ẹ wò: ti àfín kì í dúdú.

Ẹ máa ya tiyín ní fọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi ibi tí dúdú orí rẹ̀ dé han màmá. Bẹ́ ẹ bá sì bá ilé tó hun ní fífàya nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ má bínú sí àbúrò yín: bí abo bá kọ ilé náà títí tó fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ló ń tú u, á sì tún hun òmíràn.