Ìyẹ̀fun àfiṣeré olóòórùn dídùn

Ìyẹ̀fun àfiṣeré, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí playdough, ni fùláwà tí a fi iyọ̀, omi àti òróró pò títí tó fi rọ̀, tó sì ṣeé mọ bí amọ̀, kí àwọn ọmọdé lè máa fi ṣeré. Wọ́n ń tà á nínú ike lọ́jà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe nílé. Lásìkò ọdún Kérésìmesì, pàápàá ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òbí àti olùkọ́ a máa fi èròjà olóòórùn sí i: sínámọ́nì, atalẹ̀, kànáfùrù, nọ́tìmẹ́ẹ̀gì, mínítì tàbí fànílà. Kì í ṣe oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ìdáná ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wá. Ohun tó mú kó dùn ún ṣe nìyẹn, òun náà ló sì fa ewu tó wà níbẹ̀.

Ìtàn

Ọdún Kérésìmesì ló sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ní ìlú Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio, ilé iṣẹ́ Kutol ti ń ṣe irú ìyẹ̀fun pípò kan láti àwọn ọdún 1930, àmọ́ ògiri ni wọ́n ń fi í nù. Èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ń dá sínú iná nígbà òtútù, èéfín rẹ̀ a sì mú kí bébà aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri dúdú. Bébà náà kò ṣeé fi omi fọ̀. Wọn a mú ìyẹ̀fun náà, wọn a yí i lára ògiri, yóò sì gbé ìdọ̀tí kúrò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gáàsì àti epo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò èédú, bébà oníke tó ṣeé fi omi nù náà sì jáde. Ọjà ilé iṣẹ́ náà kú.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tó ń jẹ́ Kay Zufall, tó jẹ́ àna Joe McVicker tó ń darí Kutol, ló yọ wọ́n nínú ìyẹn. Ó ti kà á pé ìyẹ̀fun ìnu-ògiri ṣeé fi mọ ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì. Ó gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Play-Doh. Ní ọdún 1956 ó dé ilé ìtajà ńlá kan ní Washington. Funfun nìkan ló wà nígbà náà, kí pupa, àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1957. Láti ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Hasbro ti ni ín. Ní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fi òórùn rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà. Òórùn díẹ̀ ló ní irú ẹ̀tọ́ yẹn láyé, nínú àpèjúwe tí wọ́n sì kọ fún un, fànílà àti òórùn fùláwà oníyọ̀ wà níbẹ̀.

Èyí yàtọ̀ sí Plasticine, tí William Harbutt ṣe ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1897. Kò sí fùláwà nínú ìyẹn, kì í sì í gbẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni ife fùláwà 2, ife iyọ̀ 1, ife omi 2, ṣíbí ńlá òróró 2 àti ṣíbí tíì cream of tartar 4. Cream of tartar yìí jẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun tó kan lẹ́nu, tí wọ́n ń rí nínú àgbá tí wọ́n ti ń pọn ọtí wáìnì. Àwọn tó ń ta èròjà kéèkì ló máa ń ní in. Bí kò bá sí, oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ fínígà a máa bá òórùn dídùn náà jà.

Inú ìkòkò tútù ni a ó ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó má baà ní kókó. A ó wá gbé e ka iná tí kò le, a ó sì máa rò ó. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí ti mọ ìyókù. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹ̀kọ mímu. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki láti ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yóò kó ara jọ sí ara orógùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara ìkòkò yóò sì mọ́. A ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó sì fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà kò yàtọ̀ sí ti àmàlà: bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sítáàṣì inú fùláwà a mu omi, a sì wú. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bu, torí ó gba omi mọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́. Òróró ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Cream of tartar ni kì í jẹ́ kó máa já wẹ́wẹ́.

Àwọn kan a máa da omi híhó lé èròjà gbígbẹ lórí dípò kí wọ́n gbé e kaná. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ọdún 3 bá ti ń na ọwọ́ sí abọ́, ti ìkòkò sàn jù.

Òórùn

Ohun tó sọ òórùn sínámọ́nì àti kànáfùrù di ti Kérésìmesì ní ilẹ̀ Yúróòpù ni pé wọ́n wọ́n gógó nígbà kan. Sri Lanka ni sínámọ́nì ti ń wá, kànáfùrù àti nọ́tìmẹ́ẹ̀gì ń wá láti àwọn erékùṣù Maluku tó wà ní Indonesia lónìí, nítorí náà ọjọ́ àsè ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rí wọn fi sí oúnjẹ. Bísíkíìtì olóòórùn ti ìlú Nuremberg ní Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Lebkuchen, wà lára ohun tó ti ibẹ̀ wá, òórùn bísíkíìtì alátalẹ̀ yìí sì ni ìyẹ̀fun àfiṣeré ọdún sábà máa ń fara wé.

Fún ìwọ̀n tí a sọ lókè, sínámọ́nì lílọ̀ ṣíbí ńlá 1, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí tíì 2, nọ́tìmẹ́ẹ̀gì ṣíbí tíì 1 àti ìdajì ṣíbí tíì kànáfùrù ti tó. Kí a tó máa pò ó lọ́wọ́ ni kí a dà wọ́n sí i, lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí iná, nítorí ooru a máa gbé òórùn lọ. Sínámọ́nì fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, kò nílò àwọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ pupa lè fi omi ìṣápá, ìyẹn zobo tí kò ní ṣúgà, rọ́pò omi lásán. Nítorí pé cream of tartar kan, pupa náà kì í ṣá sí búlúù. Atalẹ̀ pupa ń mú un pọ́n bí ẹyin, ó sì ń pa aṣọ láró pẹ̀lú.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, nọ́tìmẹ́ẹ̀gì ni òórùn oṣù Kejìlá, torí òun ni wọ́n ń họ sínú chin-chin. Ọmọ tó bá gbọ́ òórùn yẹn lára fùláwà pípò kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ sẹ́nu. Níbi tí wọ́n bá ti ń din chin-chin lọ́wọ́, ó dára kí ti ìṣeré jẹ́ ti sínámọ́nì.

Òróró olóòórùn líle tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré kò yẹ níbẹ̀. Ti sínámọ́nì àti ti kànáfùrù a máa ta ara ọmọdé, ti mínítì sì lè da èémí ọmọ kékeré rú.

Lọ́wọ́ ọmọdé

Iṣẹ́ àgbà ni iná. Wíwọn èròjà olóòórùn àti fífi ìyẹ̀fun náà mọ nǹkan lẹ́yìn tó bá ti jinná, tó sì ti tutù, jẹ́ tọmọdé. Ọmọ ọdún 4 yóò yí ìyẹ̀fun náà ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi rí roboto, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò já díẹ̀ fi ṣe apá méjì, yóò wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú hóró kànáfùrù odindi kan, yóò sì tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀ fún ojú. Ìka méjì yẹn kan náà ni yóò fi di pẹ́ńsù mú tó bá yá. Àwọn ọmọ tó ń fi amọ̀ ẹ̀yìn òjò mọ èèyàn ní àgbàlá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìní ìwé ìwọ̀n kankan. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kí hóró kànáfùrù má sí níbẹ̀ rárá, torí ó lè há a lọ́fun.

Bí a bá fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí yóò pẹ́ lára igi Kérésìmesì, ti yíyan la ń ṣe: ife fùláwà 2, ife iyọ̀ 1, ife omi 1, láìsí òróró. A ó gé e, a ó lu ihò okùn sí i lórí kó tó gbẹ, a ó sì fi sínú ààrò tí kò gbóná púpọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ìkánjú pẹ̀lú iná ńlá ló ń mú un sán.

Ewu

Iyọ̀ ni olórí ewu. Ife iyọ̀ kan tó nǹkan bíi gíráàmù 290, ìyẹn sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìyẹ̀fun náà. Ẹ̀já kan tó wúwo tó gíráàmù 20 ní iyọ̀ bíi gíráàmù 5 nínú, bẹ́ẹ̀ iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lójúmọ́ nìyẹn. Bí ọmọ bá tọ́ ọ wò, iyọ̀ náà a sábà mú kó tu ú dànù. Ajá kì í tu ú. Ajá tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, kó máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, ó sì lè kú. Ti yíyan tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ igi Kérésìmesì náà kò yọ sílẹ̀.

Fùláwà tútù fúnra rẹ̀ lè ní E. coli, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń da inú rú. Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn kan ṣàìsàn ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọdé ní fùláwà pípò tútù ṣeré. Èyí wà lára ìdí tí gbígbé e kaná fi dára ju pípò lásán lọ. Ara àwọn ọmọ kan kò sì gba àlìkámà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n ń lò fún wọn.

Ìtọ́jú

Nínú ike tó ní ìdérí líle, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó tutù pátápátá kí a tó dé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi ooru yóò kán sí i lórí, ibẹ̀ ni yóò sì ti bu. Ní àsìkò òjò, iyọ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́, ìyẹ̀fun náà a sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Fùláwà ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n ń fi kún un, kí wọ́n tó tún gbé e kaná díẹ̀. Nínú ọyẹ́, tó sábà máa ń dé pẹ̀lú Kérésìmesì nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì di ọ̀sán, yóò ti sán bí ẹsẹ̀ tí kò rí òrí. Omi gbígbóná díẹ̀ àti òróró ẹ̀kán méjì ń dá a padà, bí kò bá tíì le dénú.