Kí òkun tó dé ẹnu ọ̀nà: ohun tó yẹ kó wà nínú ètò etíkun

Ìbéèrè tí àwọn ará etíkun máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ òkun ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa mọ ògiri fún wa?" Ìbéèrè náà kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí omíyalé ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ kò fẹ́ gbọ́ ti ìwé. Òkúta àti kọnkéré ló fẹ́ fojú rí. Ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣe ètò. Yanrìn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò.

Yanrìn etíkun kì í dúró sójú kan. Ìgbì sábà máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń bọ̀ lébùúté, á sì máa ti yanrìn lọ sí apá kan díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí èyí tó ń wọlé bá tó èyí tó ń jáde, etíkun á wà níbi tó wà. Bí ohun kan bá dènà èyí tó ń wọlé, ìyẹn bí ìsédò tí wọ́n ṣe sórí odò tó ń gbé yanrìn wálẹ̀, tàbí èbúté tí wọ́n kọ́ wọ inú omi, tàbí àwọn tó ń wa yanrìn tà, òkun kò ní torí ìyẹn dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ilẹ̀ ni yóò máa jẹ.

Ẹ wo abúlé Mappleton, ní etíkun Holderness ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ England. Amọ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí a bá sì pín in dọ́gba, òkun ń gé bíi mítà 2 kúrò lára etíkun yìí lọ́dọọdún. Ní 1991, wọ́n to òkúta ńláńlá wọ inú omi ní ọ̀wọ́ méjì kí òkun má baà gbé abúlé náà àti títì tó gbà á kọjá. Iṣẹ́ náà yọrí: yanrìn gbára jọ, abúlé sì dúró. Àmọ́ ní apá gúúsù, níbi tí yanrìn yẹn ìbá máa lọ, ilẹ̀ oko bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. N kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá yanrìn dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yanrìn náà ń lọ bá.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ààlà ìjọba ìbílẹ̀ pín etíkun nígbà tí a bá ń ṣètò rẹ̀. Ibi tí yanrìn ti gbéra títí dé ibi tó ń kó sí la máa ń kà sí ẹyọ kan. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní England àti Wales: wọ́n wo etíkun ní apá-apá, wọ́n sì wo ọgọ́rùn-ún ọdún níwájú, èyí tí wọ́n gé sí mẹ́ta, ìyẹn ogún ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà títí dé àádọ́ta, lẹ́yìn náà títí dé ọgọ́rùn-ún. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ìpinnu mẹ́rin ló wà nílẹ̀. A lè di ààlà tó wà mú. A lè ti ààlà síwájú wọ inú omi, èyí tó wọ́n lówó tó sì ṣọ̀wọ́n. A lè fa ààlà sẹ́yìn pẹ̀lú ètò. A sì lè fi etíkun sílẹ̀ kó ṣe bó ti fẹ́ ṣe. Ìpinnu fún ibì kan lè yí padà bí àkókò ṣe ń lọ: ibi tí a óò dì mú fún ogún ọdún lè jẹ́ ibi tí a óò fà sẹ́yìn kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé.

Fífà sẹ́yìn ló máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù, ó sì yé mi. Ó jọ pé ìjọba ti sá. Ṣùgbọ́n ní Medmerry, ní gúúsù England, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń dènà omi tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń fi katapílà tún un kó jọ ní ìgbà òtútù. Ní 2013, wọ́n dá òkìtì náà lu fúnra wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ bèbè erùpẹ̀ tuntun tó gùn tó kìlómítà 7 sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ àárín méjèèjì di àbàtà omi iyọ̀ tí ìgbì ń kú sí kó tó dé bèbè. Lójú tèmi, ìyẹn sàn ju ká máa kó òkúta lọ́dọọdún lọ. Ibi tí ògiri líle bá dúró gbagidi, tí omi sì ń ga sí i níwájú rẹ̀, àbàtà àti igi inú omi iyọ̀ kò ní ráyè sún sẹ́yìn. Ó di dandan kí wọ́n tán.

Omi sì ń ga sí i lóòótọ́. Láti 1901 sí 2018, ojú òkun káàkiri ayé gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Láàárín 2006 sí 2018, ó ń gòkè ní nǹkan bíi mìlímítà 3.7 lọ́dún, èyí tó yára ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tó bá gbọ́ mìlímítà lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí omi yìí ni ìjì ń gùn wá. Ògiri kò kúrú sí i, síbẹ̀ ìjì tí kò lè fo ògiri náà láyé àwọn bàbá wa lè fò ó lónìí.

Ibì kan tún wà tí ìṣirò wa ti máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí ẹnjiníà bá sọ pé ògiri yìí lè dènà omi tí ń wá lẹ́ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tó ń sọ ni pé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ewu pé omi tó ju agbára rẹ̀ lọ yóò dé. Ó lè dé lọ́dún yìí, kó tún dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún gbé ẹ̀yìn ògiri bẹ́ẹ̀ ní ewu tó tó ìdá 26 nínú 100 pé omi náà yóò bá òun níbẹ̀. Nínú ilé mẹ́rin tí a kọ́ sí etíkun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lé díẹ̀ ní ọ̀kan.

A kò wá lè mọ bí òkun yóò ṣe ga tó ní ọgọ́rin ọdún sí i, nítorí náà ètò tó dára kì í so ara rẹ̀ mọ́ déètì. Àmì ló ń ṣọ́. Ètò tí wọ́n ṣe fún ẹnu odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù títí dé 2100 ń ṣọ́ bí ojú omi ṣe ń ga, bí àwọn ògiri ṣe ń gbó, àti iye ìgbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn irin ńlá tó dábùú odò náà. Bí àmì kan bá dé ibi tí a fi sí, a bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Ṣùgbọ́n àmì náà gbọ́dọ̀ ṣáájú ewu dáadáa. Ìkún omi 1953 pa èèyàn tó ju 1,800 lọ ní Netherlands àti ju 300 lọ ní England. Ìlẹ̀kùn irin Thames, tí wọ́n torí ìkún omi yẹn ṣe, kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1982. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún, ní orílẹ̀-èdè tó lówó lọ́wọ́! Ẹ fi ìyẹn ka ọdún padà sẹ́yìn kí ẹ tó gbà pé àsìkò ṣì pọ̀.

Àwọn ará Netherlands gba ọ̀nà mìíràn kún un. Láti 1990 ni wọ́n ti pinnu pé etíkun àwọn kò gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ju bó ṣe wà lọ́dún náà lọ, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun wá dà á sí etíkun. Ní 2011, wọ́n da nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 mítà kúbíkì sí ibì kan ṣoṣo kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in kiri. Ó dára, àmọ́ ìnáwó tí kò lópin ni. Ìlú tí kò bá ní àpò owó fún àtúnṣe kò tíì ní ètò, ìbáà jẹ́ yanrìn ló dà tàbí ògiri ló mọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọn kò ní lè dúró ló kù. Ní Fiji, wọ́n kó abúlé Vunidogoloa kúrò létí omi lọ sórí ilẹ̀ gíga ní 2014, gbogbo abúlé lápapọ̀. Ní Fairbourne ní Wales, wọ́n kéde pé ìgbà kan ń bọ̀ tí àwọn kò ní lè dáàbò bo abúlé náà mọ́, láìsí ètò gidi nílẹ̀ fún àwọn onílé. Iye owó ilé wó lulẹ̀ nígbà tí òkun kò tíì wọlé. Bí ìwé ètò bá sọ pé kí àwọn kan kúrò tí kò sì sọ ibi tí wọn yóò lọ àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀, mo máa ń dá a padà.

Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé lórí etíkun yín, ẹ ní kí wọ́n fi máàpù hàn yín, kì í ṣe ti ọdún yìí nìkan, ti àádọ́ta ọdún sí i pẹ̀lú. Ẹ wá ibi tí títì, páìpù omi àti wáyà iná gbà wọ̀lú nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni òkun sábà máa ń kọ́kọ́ gé, ilé tí omi kò tíì kàn kò sì ní ṣeé gbé mọ́ bí wọ́n bá ti lọ.