Kì í ṣe omi ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ yín lẹ́sẹ̀

"Omi ẹ̀gẹ́ ló jẹ mí lẹ́sẹ̀." Ẹ máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Gaàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan dáadáa kó tó dé orí iná, nítorí náà ẹ̀gẹ́ rírin máa ń ro omi kíkan sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, inú omi náà sì ni àwọn ìyá wa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn.

Lóṣù keje, nígbà tí òjò kò dá, mo ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ kí n wò ó. Mo ya ọmọ-ìka tó kéré jù kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e. Ara àárín wọn ti funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, ó ń ṣí, ó sì là bí ẹni pé abẹ fà á. Ó ń rùn. Wọ́n ní alẹ́ ló máa ń yún wọn jù. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Nígbà kan ẹnì kan ní kí wọ́n da omi bátìrì sí i. Àpá iná rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ọwọ́ yín ńkọ́?" Ọwọ́ ló ń bọ inú ẹ̀gẹ́ jù, ó sì ń dán. Bó bá jẹ́ omi ló ń jẹ ara, ọwọ́ ni ì bá kọ́kọ́ jẹ.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, ìbátan olú tí à ń jẹ, àmọ́ ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Òkè awọ ara, irun àti èékánná ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tó lọ́rinrin tí kò rí atẹ́gùn ló ń wá. Omi kàn ń mú awọ rọ̀ dè é ni. Ìdí nìyí tí ọmọ iléèwé ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ rí, tó kàn wọ sọ́ọ̀sì àti bàtà láti àárọ̀, fi lè ní in: òógùn ẹsẹ̀ nìkan ti tó fún fọ́ńgọ́ọ̀sì náà.

Ẹni tó bá gbà pé omi ni, kò ní tọ́jú rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ó ń ràn. Táwẹ́ẹ̀lì tó nu ẹsẹ̀ ló ń gbé e lọ sí abẹ́. Ó lè wọ èékánná, á nípọn, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rún. Ó lè mú àtẹ́lẹsẹ̀ gbẹ kó máa hó bí ìyẹ̀fun, láìyún rárá. Ìdílé kan náà ni làpálàpá, tí òyìnbó ń pè ní ringworm, àmọ́ tí kì í ṣe aràn: ó ń ṣe róbótó, etí rẹ̀ ga, ó sì dúdú ju àárín lọ lára tiwa. Bó bá mú orí ọmọdé, irun á já níbẹ̀. Ìpara kò lè dé ìdí irun. Oògùn jíjẹ láti ilé ìwòsàn ló ń wò ó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìpara àdàlú. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: bí ẹ bá rí betamethasone tàbí clobetasol, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí kì í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ dá a padà. Láàárín ọjọ́ méjì yíyún á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó ti san, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa tàn lábẹ́ rẹ̀. Clotrimazole tàbí terbinafine, ìpara tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, nìkan ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nu àárín ọmọ-ìka kó gbẹ, ẹ fi ìpara náà pa á, kẹ́ ẹ má sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dán. Clotrimazole máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tó jẹ́ pé ẹni náà ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ojú ibi tó là yẹn ni kòkòrò àrùn mìíràn ń gbà wọlé.