Drónù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú àwọn ológun: ṣé ẹ lè gbé e sókè?

Ìbéèrè: Ilé mi kò ju kìlómítà 3 sí pápákọ̀ òfuurufú àwọn ológun. Gíráàmù 249 péré ni drónù mi, áàpù rẹ̀ ò sì dá mi dúró. Ṣé mo lè gbé e sókè?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e. Ìwọ̀n yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ ìforúkọsílẹ̀ láwọn ilẹ̀ kan, bíi Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ pé eré lẹ ń fi ṣe. Kò gbà yín lọ́wọ́ òfin ojú sánmà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbègbè tí drónù ò gbọdọ̀ wọ̀ láìgbàṣẹ máa ń tó nǹkan bíi kìlómítà 4 yí pápákọ̀ ká. Ká ní ibẹ̀ lẹ ń gbé, inú rẹ̀ gan-an ni ilé yín máa bọ́ sí.

Ìbéèrè: Ṣebí mítà 120 ni òfin fàyè gbà. Bí mi ò bá kọjá ibẹ̀, ta ni mo máa dí lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Àwọn bàálù yòókù sábà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ológun a máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rẹlẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 250, ìyẹn nǹkan bíi mítà 76. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: jẹ́ẹ̀tì tó ń sá kìlómítà 780 ní wákàtí kan máa gba kìlómítà 3 kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14. Drónù tó wà ní mítà 100, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, máa lo ìṣẹ́jú àáyá 20 kó tó kanlẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ariwo, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2017, drónù kan kọlu hẹlikópítà Black Hawk ti ológun Amẹ́ríkà nítòsí Staten Island ní New York, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 péré. Ẹni tó ń darí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 4 síbẹ̀, kò lè rí i. Tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkìlọ̀ pé wọ́n ti sé ojú sánmà ò sì wọlé. Hẹlikópítà balẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ti tẹ̀ níbì kan, wọ́n sì bá mọ́tò drónù nínú rẹ̀. Wọ́n tọpa dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé drónù òun kọlu ohunkóhun. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìbéèrè: Áàpù tó gbà mí láyè ńkọ́?

Ìdáhùn: Áàpù ò lè fúnni láṣẹ. Láti oṣù Kìíní 2025, DJI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe drónù, ti yọ ìdènà pápákọ̀ kúrò lára drónù wọn ní Amẹ́ríkà. Ìkìlọ̀ lásán ló kù.

Ìbéèrè: Ta ló wá ń fúnni láṣẹ?

Ìdáhùn: Àwọn tó ń darí bàálù ní pápákọ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe sójà ẹnu géètì. Ẹ sọ ibi, ọjọ́, aago, ìwọ̀n drónù àti bó ṣe máa ga tó. Bí wọ́n bá gbà, ẹ tún pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e lọ́jọ́ náà, torí ètò ìdánrawò wọn lè yí padà lójijì. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa wo sánmà, kẹ́yin gbájú mọ́ drónù. Ẹ má kọjú kámẹ́rà sí ọgbà wọn. Lọ́pọ̀ ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: bí drónù ò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́, òun fúnra rẹ̀ lè kọ́kọ́ gòkè dé ìwọ̀n gíga tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ kó tó máa bọ̀ nílé. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì: kó ga ju igi àti òrùlé àyíká lọ, ṣùgbọ́n kó má kọjá ibi tí wọ́n fún yín láṣẹ dé.