Pound mẹ́ta tí ò bára wọn tan

Owó ìlú ọba ń jẹ́ pound, ìwọ̀n ẹran náà pound, kéèyàn máa gún iṣu lódó náà pound ni, ibi tí wọ́n ń há ajá tó sọnù mọ́ náà tún ni. Ó dà bíi pé ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, spẹ́lìn ló kàn kó wọn sójú kan.

Ti owó àti ti ìwọ̀n nìkan ló jọ wá. Àwọn ará Róòmù máa ń sọ pé libra pondo, ìyẹn libra kan (libra lorúkọ òṣùwọ̀n wọn) lórí ìwọ̀n, àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì wá mú pondo yẹn wọ́n sọ ọ́ di pund, libra náà ò sì kú o, òun ni lb tí wọ́n ń kọ sára ẹrù, òun náà sì ni L tí wọ́n fa ìlà gba inú ẹ̀ kọjá tó di £. Bó ṣe di owó ni pé fàdákà tó wọn pound kan ni wọ́n ń rọ sí pẹ́nì 240. Iye yẹn gan-an làwọn bàbá wa ná ní Nàìjíríà: kọ́bọ̀ 12 (pẹ́nì ni wọ́n ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà náà) ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan, títí náírà fi dé ní January 1, 1973 tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi máa ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti owó tuntun ní ṣílè kan nígbà yẹn.

Ti gúngún ò mọ Róòmù rí. Pūnian ló ń jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kò sí d kankan níbẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tó yá, bí wọ́n ṣe ṣe son tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Faransé náà nìyẹn tó fi di sound.

Ẹ̀kẹta, ọgbà ni. Láyé àtijọ́, ẹran tó bá jẹ oko olóko ní abúlé ìlú ọba, inú pound ni wọ́n á tì í mọ́ títí olówó ẹ̀ á fi wá san owó ìtanràn, ibẹ̀ ni impound tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò ti wá. Pond, ìyẹn odò ẹja, àbúrò ẹ̀ ni, omi ni wọ́n sé mọ́nú tiẹ̀.

Àti # táwọn èèyàn ń tẹ̀ dípò ₦ lórí fóònù yẹn, pound làwọn ará Amẹ́ríkà ń pe òun náà, ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n máa ń fi kọ.