Igi akọ́nimọ̀ọ́gbá: bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọmọọṣẹ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sáré, á ti gbọ́ kí atọ́kùn máa sọ pé inú igi Bill Walsh ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ti wá, tàbí pé ẹ̀ka igi Andy Reid ni òmíràn. Coaching tree ni wọ́n ń pè é. Ohun tó dá lé lórí kò ju èyí lọ: ta ni ọ̀gá rẹ, àwọn wo ló sì ti abẹ́ rẹ lọ di ọ̀gá níbòmíràn?

Bí télọ̀ bá ṣe fíríìdọ̀mù tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, oníbàárà á ṣì bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Bó ṣe rí níbẹ̀ náà nìyẹn, àfi pé wọn kì í ṣe fíríìdọ̀mù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á máa dúró ni, títí ẹni tó ni ẹgbẹ́ kan á fi pè é.

Ìdúró náà sì máa ń pẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe olùrànlọ́wọ́ ní yunifásítì, fún owó tí kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kan lé e lọ́wọ́. Tó bá tún gòkè, á di olùdarí ìkọlù tàbí olùdarí ìdáàbòbò. Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ló wà lókè pátápátá, ipò 32 péré ló sì wà ní gbogbo NFL.

Igi Bill Walsh ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí òun ló ta ẹ̀ka jù lójú tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California, ló ti kọ́kọ́ jẹ́ olórí, lọ́dún 1957. Ní 1968 ó dé Cincinnati, lábẹ́ Paul Brown tó dá ẹgbẹ́ Bengals sílẹ̀. Ìṣòro ló bí ọgbọ́n tó gbé Walsh ga. Greg Cook tó jẹ́ quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù, ṣèṣe léjìká. Virgil Carter tó rọ́pò rẹ̀ ní 1970 kò lè jù ú jìnnà, àmọ́ orí rẹ̀ pé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í sì í sáà tàsé. Walsh wá ṣètò eré tí apá Carter ká: ìjù kúkúrú, kíákíá, káàkiri ìbú pápá, kí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí alátakò tó dé, kí ẹni tó gbà á sì fẹsẹ̀ sáré wá ìyókù. Ètò yìí ni wọ́n padà wá ń pè ní West Coast offense.

Nígbà tí Brown fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1975, Bill Johnson ló fi rọ́pò ara rẹ̀. Ó dun Walsh wọra. Ó gba San Diego kọjá, ó gba Yunifásítì Stanford kọjá, kí San Francisco 49ers tó fi í ṣe olórí ní 1979. Ní sáà àkọ́kọ́, ó borí nínú ìdíje 2, ó pàdánù 14. Ní sáà kẹta, ó gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tó gba ife NFL. Mẹ́ta ló gbà kó tó lọ lẹ́yìn sáà 1988.

Kí ni ọmọọṣẹ́ wá ń rí gbà lọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀? Ẹnikẹ́ni lè jókòó ti fídíò kó sì da ètò eré kọ. Ohun tí fídíò kò fi hàn ni bí wọ́n ṣe ń pín àkókò ìdánrawò, bí wọ́n ṣe ń sọ eré kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbé lórí pápá, lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń kọ́ quarterback láti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìjù mu. Walsh máa ń to nǹkan bí eré 15 àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ lè balẹ̀, kí òun náà sì rí bí alátakò ṣe máa fèsì. Inú yàrá ìpàdé ni èèyàn ti ń kọ́ èyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, lójoojúmọ́.

Mike Holmgren wọ yàrá náà ní 1986. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni tẹ́lẹ̀, kó tó lọ sí Yunifásítì Brigham Young, níbi tó ti mọ Andy Reid, olùrànlọ́wọ́ kékeré nígbà náà. Nígbà tí Green Bay fi Holmgren jẹ olórí ní 1992, ó ránṣẹ́ pe Reid. Àwọn quarterback ni Reid ń kọ́ níbẹ̀, kò tíì ṣe olùdarí ìkọlù rí ní NFL, tí Philadelphia fi wá mú un ṣe olórí ní 1999. Ó ti gba Super Bowl mẹ́ta pẹ̀lú Kansas City, ní 2020, 2023 àti 2024. Abẹ́ rẹ̀ ni John Harbaugh ti lọ gba tirẹ̀ pẹ̀lú Baltimore ní 2013, àti Doug Pederson pẹ̀lú Philadelphia ní 2018.

Kí a má sì gbọ́kàn lé orúkọ ọ̀gá jù. Bill Belichick gba Super Bowl mẹ́fà ní New England, síbẹ̀ Eric Mangini, Josh McDaniels àti Matt Patricia tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ni àwọn ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n lé lọ láìpẹ́. Igi kan náà sì lè ní gbòǹgbò méjì. Tony Dungy kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Chuck Noll ní Pittsburgh, ó sì tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ Dennis Green, ọmọọṣẹ́ Walsh, ní Minnesota.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ìlẹ̀kùn yàrá náà tì mọ́ ìta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń fi ṣe olórí, àwọn náà sì ń pe àwọn tí wọ́n mọ̀. Ní 1987 Walsh dá ètò kan sílẹ̀ láti mú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú wá sí ibùdó ìdánrawò rẹ̀, NFL sì gba ètò náà ṣe tiwọn. Lovie Smith àti Marvin Lewis gba ọ̀nà yẹn. Ní 2003, òfin tí wọ́n ń pè ní Rooney Rule sọ ọ́ di dandan nígbà náà kí ẹgbẹ́ tó ń wá olórí fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan ó kéré tán lẹ́nu wò láàárín àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ní oṣù kejì 2007, Dungy borí Lovie Smith, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Síbẹ̀, ẹ wo Eric Bieniemy. Pederson àti Matt Nagy ti ṣe olùdarí ìkọlù fún Reid ní Kansas City rí, àwọn méjèèjì sì ti ibẹ̀ lọ di olórí. Bieniemy, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gba ipò náà lẹ́yìn Nagy, ó ṣe é láti 2018 dé 2022, ó gba Super Bowl méjì níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó lé ní mẹ́wàá sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nígbà tó kúrò ní 2023, Washington ló lọ, iṣẹ́ olùdarí ìkọlù náà ni wọ́n sì tún fún un.