Kúdẹtì ló kọ́ tíṣà bí a ṣe ń bá ọmọ iléèwé wí

Bí àríyànjiyàn lórí pàṣán bá ti bẹ́ sílẹ̀, òyìnbó ni àwọn ènìyàn máa ń nàka sí. Wọ́n á ní míṣọ́nnárì ló kó ẹgba dé, pé kí wọ́n tó dé, ẹnikẹ́ni kì í na ọmọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ kan ilé kéú rí, kò sì mọ ohun tí à ń pè ní àtòrì. Ọmọ Ìbàdàn ni èmi, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Dídé kí aago tó lù, gbígbá àyíká, kíkí tíṣà lóòró, ìyà fún ẹni tó pẹ́: agbo ilé ló bí gbogbo rẹ̀, ilé kéú ló wò ó dàgbà, ilé míṣọ́nnárì Hinderer ní Kúdẹtì, n'Ìbàdàn níbí, ló sì wọ yunifọ́ọ̀mù fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé. Kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tán ló ti mọ ojú ìyá rẹ̀ kà. Àlejò ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ẹran. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ti dìde. Bí kò bá dìde, ó di ìgbà tí àlejò bá lọ. Kò sì di dandan kó jẹ́ ìyá tó bí i ni yóò nà án. Àgbà yòówù tó bá rí i níbi tó ti ń hùwàkíwà lè fa etí rẹ̀, òbí á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn alágbàwí. Bí ẹnì kan bá ń na ọmọ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yọjú kó ní "ó tó, ẹ bá mi fi jì í." Ọmọ tó bá ráyè sá sẹ́yìn ìyá àgbà ti bọ́. Títí dòní, bí tíṣà kan bá ń na ọmọ ní kíláàsì kẹta, tíṣà kíláàsì kejì ló ń yọrí láti bẹ̀bẹ̀. Kò sí ìwé ìlànà tó pa á láṣẹ. Ilé ló ti mú un wá.

Nǹkan tí a fi ń na ọmọ náà ní òfin tirẹ̀. A kì í fi ìgbálẹ̀ na ọmọkùnrin, àgbà kan kò sì ní í jẹ́ kó o fi omorogùn na ọmọ níṣojú òun. Àtòrì ni wọ́n fọwọ́ sí. Igi kékeré ni, ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ̀ láì kán, ó sì máa ń ké nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Òun náà ló ń wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé egúngún, tí wọ́n fi ń na ara wọn lọ́jọ́ ọdún. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù tíṣà ti wá. Ọmọ tó ti sá fún àtòrì lójú agbo egúngún kò nílò àlàyé kankan nígbà tó rí i lórí tábìlì nínú kíláàsì. Tíṣà kò tíì gbé e, ariwo ti dákẹ́.

Àwọn kan á ní ọ̀dọ̀ babaláwo ni kí n wò, nítorí ọmọ awo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ awo mélòó ló ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan? Ọ̀rọ̀ ìbáwí iléèwé ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹpẹtẹ lábẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí kì í ṣe baba wọn, ilé kéú la sì ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ Ọ̀yọ́ Ilé tipẹ́ kí míṣọ́nnárì tó dé etí òkun, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Níbikíbi tí Mùsùlùmí bá wà, àfáà á wà, níbi tí àfáà bá wà, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú. Wọ́n jókòó sórí ẹní, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, gbogbo wọn ń pariwo kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè rò pé àfáà kò gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo yẹn, àfi ìgbà tí ẹgba bá balẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó ṣi gbólóhùn kan kà. Ẹgba náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àfáà kì í fi í dìde. Ẹni tó bá mọ tiẹ̀ á fọ wàláà, á kọ òmíràn, kò sì sí ọmọ tó máa fọ wàláà láì tíì mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí àfáà bá jáde, àgbà ọmọ kéú ló ń mú àwọn kéékèèké kà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti nà wọ́n.

Àgbà ọmọ kéú yìí dára púpọ̀ fún àríyànjiyàn mi. Àwọn òyìnbó ní tiwọn, tí a sọ di mọ́nítọ̀. Joseph Lancaster àti Andrew Bell ló gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bell sì ti Madras ní Íńdíà mú ọgbọ́n náà wá. Ó dé Freetown ní Sàró, ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú padà wálé. Mọ́nítọ̀ tó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú bọ́ọ̀dù gba Íńdíà àti Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé.

Àgbádárìgì ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti wà, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní 1843, lábẹ́ de Graft àti ìyàwó rẹ̀. A gbà. Ẹ̀gbá náà ní tiwọn láti 1846. A gbọ́. Àkọ́kọ́ dé kọ́ ni àkọ́kọ́ ṣe.

Kúdẹtì ni nǹkan ti yàtọ̀. David Hinderer ti wá wo Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá. Ìlú jagunjagun ni, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì rí ohun tí ìwé máa ṣe fún ọmọ wọn. Olóyè Abẹrẹ ló fi ọmọ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin kan ṣì ń jẹ́ orúkọ Yéjídé ní Ìbàdàn títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í padà sílé lálẹ́. Inú ilé Hinderer ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jí, ti wọ́n ti ń gbàdúrà, ti wọ́n ti ń kàwé, tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Anna. Ẹ wá rò ó wò: ọmọ ológun ni wọ́n fi sọ́wọ́ yín, ẹ ha lè dá ọgbẹ́ sí i lẹ́yìn kẹ́ ẹ sì sùn? Iṣẹ́, aago àti ojú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣàkóso ilé náà, bí agbo ilé ṣe ń ṣe. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, ebi wọ ilé míṣọ́nnárì débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun. Ọmọ tó bá wà nínú ilé bẹ́ẹ̀ ti kọ́ sùúrù ju èyí tí pàṣán lè kọ́ ọ lọ.

Nígbà tí Hinderer àti Anna lọ ní 1869, Daniel Olúbí, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn tipẹ́, ló gba iṣẹ́ náà. Àwa ló wá kù. Kí wọ́n tó lọ pàápàá, ní 1866, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ni ní Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ. Samuel Johnson ni, ẹni tó wá kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Àgbádárìgì mú tiwọn wá.

Ìjọba òyìnbó ní Èkó ló yí nǹkan padà. Òfin 1882 gbé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sókè, ti 1887 sì so owó ìrànwọ́ mọ́ bí ọmọ bá ṣe ṣe nínú ìdánwò. Láti ìgbà náà, ọmọ tí kò mọ ìṣirò ń jìyà bí ọmọ tó jalè. Ìyà sísọ Yorùbá nínú kíláàsì náà ti ibẹ̀ wọlé, ìyẹn nìkan ni mo gbà pé òyìnbó ni baba rẹ̀ pátápátá. Àwọn míṣọ́nnárì CMS àkọ́kọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Hinderer, ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí á na ọwọ́ gba orí kọjá; bó bá kan etí kejì, ó ti tó wọlé. Iye ọmọ iléèwé kúrò ní nǹkan bí 457,000 lọ sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan, ọ̀pọ̀ tíṣà kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan. Àsìkò yẹn ni ìyà di oríṣiríṣi: ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ìlóṣòó, fífi ìka kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè, gígé koríko. Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé tí wọ́n ń kọ ìbáwí sí: ọjọ́, orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀, irú ìyà, ẹni tó fi jẹ ọmọ. Àwọn tó ń na ọmọ lẹ́yìn kíláàsì kì í dé ìdí rẹ̀.

Ìyókù kò gba àkókò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fi òfin gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà iléèwé ìjọba ní 1986. Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Èkó fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2007, síbẹ̀ abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ṣì gba olùkọ́ láyè láti na ọmọ fún ìbáwí. Ní iléèwé aládàáni, òbí ń fọwọ́ síwèé ìlànà ìwà kí ọmọ tó wọlé. Ní tìjọba, òbí kan ń wá bá tíṣà jà nítorí wọ́n na ọmọ òun, òmíràn sì ń mú tiẹ̀ wá ní òwúrọ̀ pé, "Tíṣà, ó kọ̀ láti fọ abọ́ lálẹ́ àná, ẹ bá mi nà án."